Bi Ilẹ̀ Léèrè Kí O Tó Bomi Rin Ata

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa béèrè ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ó ti ná mi ní nǹkan kí n tó mọ̀ ọ́n. Ó ná mi ní igi ata mẹ́rin. Ó ná màmá mi ní owó omi. Ó sì sọ mí di ẹni tó ń purọ́ fún ìyá àgbà rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ni bí a ṣe ń bomi rin ata tí a gbìn sínú ike nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oòrùn bá mú tí kọnkéré sì gbóná débi pé ẹsẹ̀ lásán kò ṣeé fi tẹ̀ ẹ́.

BÍ ATA MI ṢE KÚ

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, ìyá àgbà mi wá kí wa láti ìlú. Wọ́n pọ́n irúgbìn ata rodo sínú bébà, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn. Wọ́n ní láti ọwọ́ ìyá tó bí àwọn ni irúgbìn náà ti wá, pé ata náà kì í tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ nìkan tó láti pe ará ilé wá sídìí ọbẹ̀. Wọ́n ní kí n gbìn ín kí ó má bàa parun.

Ilé tí à ń gbé ní Kétu kò ní ilẹ̀. Onílé ti rọ kọnkéré sí gbogbo àgbàlá, láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Mo bá wá ike ọ̀dà lítà 4, mẹ́rin, lọ́wọ́ àwọn akunlé tó ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò. Mo fi ìṣó lu ihò kékeré kan sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, mo gbìn ín. Mo tọ́jú irúgbìn tó kù sínú ìgò oògùn kan tí mo ti fọ̀, tó sì ti gbẹ. Ata hù. Nígbà tí oṣù kẹta fi wọlé, igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ga tó ìwọ̀n rúlà wa.

Ẹ mọ̀ pé ilé la ti ń wá, a kì í gbé ilé-ìwé. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni mo ń jáde nílé, ó ń tó aago mẹ́ta kí n tó padà dé. Lójoojúmọ́ tí mo bá dé, mo máa ń bá ewé ata tó rọ, tó sorí kọ́ bí etí ajá tí wọ́n nà. Àánú rẹ̀ á ṣe mí. Mi ò ní tíì bọ́ yunifọ́ọ̀mù tí mo fi máa bu omi lé e lórí. Alẹ́, mo tún bu. Àárọ̀, kí n tó lọ, mo tún bu. Lítà kan fún ike kan, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: lítà 12 lọ́jọ́ kan. Ìdajì kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ń lọ sórí ata lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ omi tí màmá mi ń rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà ni. Àbúrò mi ń fi ife wọn omi wẹ̀, èmi ń da tèmi sínú ike.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń já bọ́. Ìdí igi di dúdú. Mo ní òùngbẹ ṣì ń gbẹ ẹ́, mo tún fi kún omi. Ọjọ́ tí mo fa àkọ́kọ́ tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí àwọ̀ tíì, ó sì ń rùn bíi gọ́tà. Màmá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Omi tí mò ń fi owó rà, inú ike lo lọ ń dà á sí tó fi rà?"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìyá àgbà mi máa ń pè lórí fóònù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kí gbogbo wa tán, wọ́n á ní, "Ata mi ńkọ́?" Èmi á sì dáhùn pé, "Ó ń ṣe dáadáa, mà."

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍNÚ ATA GBÍNGBÌN?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ìwọ náà! Ṣebí Máìlì 12 nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ibi tí ata ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú tírélà." Òótọ́ ni. Ata àti tòmátò tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ń jẹ, ọjà Máìlì 12 ni wọ́n ti ń pín in lọ sí àwọn ọjà yòókù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ata náà ń tọ̀ bọ̀ jìn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Òkè Ọya wá, láti ìhà Kánò, Kàdúná àti Sókótó.

Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù ní Òkè Ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ tó ń bọ̀ wá sí apá Gúúsù dúró. Mo ṣì kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí pé láàárín ọjọ́ díẹ̀, ata, tòmátò àti àlùbọ́sà gbówó lórí. Àwa tí à ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ata náà ń ka ata rodo sínú ọbẹ̀ bí ẹni ń ka owó. Mi ò sọ pé ike mẹ́ta lẹ́yìn ilé lè rọ́pò ọjà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé igi ata rodo kan tó bá gbádùn ara rẹ̀ lè máa fún ilé ní ata díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kò sì béèrè ju ike, ilẹ̀ díẹ̀ àti ìmọ̀ lọ.

Omi ni wàhálà. Ọ̀rọ̀ tiwa sì ṣòroó ṣàlàyé fún àlejò. Lásìkò òjò, odò Ògùn lè kún wọlé bá àwọn ará Àjẹgúnlẹ̀ àti Òwòdé Onírin. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àwa kan náà la máa ń dúró de mẹ́ruwà àti ọmọlanke rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé orúkọ Kòsọ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń kìlọ̀ fún wa pé kò sí ọ̀fẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbin ata nínú ike ní àdúgbò wa gbọ́dọ̀ mọ iye omi tí ata nílò gan-an, kì í ṣe iye tí àánú rẹ̀ bá ṣe èèyàn.

KÍ LÓ DÉ TÍ EWÉ FI Ń RỌ LỌ́SÀN-ÁN?

Lẹ́yìn ikú ata mi, mo fi ọ̀rá gbé ọ̀kan lára wọn wá sí ilé-ìwé, mo gbé e lọ bá tíṣà Ágíríìkì wa. Wọn kò bú mi. Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀, kí n gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ewé ló sọ fún ẹ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ṣé o bi ilẹ̀ léèrè?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí.

Ewé ní àwọn ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Abẹ́ ewé ni wọ́n pọ̀ sí jù, stomata ni ìwé Bàọ́lọ́jì wa ń pè wọ́n. Ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ lè pè é ní òógùn ewé. Bí òógùn ṣe ń mú ara wa tutù, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ń mú ewé tutù. Bí omi bá ṣe ń jáde lókè, gbòǹgbò á máa fa òmíràn láti inú ilẹ̀ ránṣẹ́ sókè.

Ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù kẹta, omi ń jáde lára ewé ju bí gbòǹgbò ṣe lè yára gbé e wá lọ. Ẹ fojú inú wo dúrọ́ọ̀mù tí èèyàn márùn-ún ń bu omi nínú rẹ̀ tí mẹ́ruwà kan ṣoṣo ń pọn sí i. Omi dúrọ́ọ̀mù á máa fà ni, bẹ́ẹ̀ mẹ́ruwà kò dúró, odò kò sì gbẹ. Bí ewé ṣe ń rọ nìyẹn, bí ilẹ̀ tiẹ̀ tutù. Tí oòrùn bá rọlẹ̀, gbòǹgbò á lé e bá, ewé á tún dìde fúnra rẹ̀. Ewé tó rọ lọ́sàn-án tó sì dìde nírọ̀lẹ́ kò bẹ̀ wá fún omi. Ó ń sinmi ni.

Ìdẹkùn tó mú mi wà níbí. Láàárín iyẹ̀pẹ̀, àwọn àlàfo kéékèèké wà tí atẹ́gùn ń gbé. Gbòǹgbò nílò atẹ́gùn yẹn, torí òun náà ń mí. Bí a bá ń da omi sí i ní gbogbo ìgbà, omi á gba ibi tí atẹ́gùn wà, gbòǹgbò á sé lémìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Gbòǹgbò tó ti rà kò lè mu omi mọ́. Nígbà náà, ewé á rọ bíi ti ata tí òùngbẹ ń gbẹ! Ata tí omi ń pa àti ata tí àìsí omi ń pa, ojú kan náà ni wọ́n ń fi wo èèyàn. Àwọn àgbà sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá wo ewé nìkan, ẹ̀fà ló rí.

ÌDÍ TÍ IKE FI YÀTỌ̀ SÍ ILẸ̀

Ata tó wà nínú oko lè na gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Ti inú ike, ibi tí ike bá pin sí ni ayé rẹ̀ pin sí. Oòrùn ń gbóná sí i láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, kọnkéré sì tún ń gbóná sí i láti ìsàlẹ̀. Ike dúdú ló burú jù, nítorí àwọ̀ dúdú ń gba ooru mọ́ra ju àwọ̀ funfun lọ.

Ìwọ̀n ike náà ṣe pàtàkì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dáná mọ̀ pé ìkòkò kékeré ló ń tètè hó. Ike lítà 20 gba iyẹ̀pẹ̀ tó tó ìlọ́po márùn-ún ti ike lítà 4. Omi tó lè pa mọ́ pọ̀, kò sì ní tètè gbóná dé àárín.

Àwọn tó ń ṣe Jọ́gíráfì, ẹ gbọ́ èyí. Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà ìdámẹ́jì ayé. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán ń dúró gangan sórí wa: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ti oṣù kẹsàn-án, ìkuukùu òjò sábà máa ń bá wa bò ó. Ti oṣù kẹrin, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni, ilẹ̀ sì ti gbẹ láti ìgbà ọyẹ́. Ìdí nìyẹn tí oṣù kejì sí ìkẹrin fi le jù fún ata inú ike.

BÍ A ṢE Ń BI ILẸ̀ LÉÈRÈ

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀, kò sí èyí tó ń béèrè owó nínú wọn.

Èkíní ni ìka. Ẹ ti ìka ìfábẹ̀lá bọ inú ilẹ̀ dé oríkèé kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike, kì í ṣe ní ìdí igi. Bí ó bá tutù tí iyẹ̀pẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ fi ata sílẹ̀. Bí ìka bá jáde ní gbígbẹ, ẹ bomi rin ín. Ẹ má fi ojú ilẹ̀ nìkan ṣèdájọ́ o. Òkè lè gbẹ bí búrẹ́dì àná kí ìsàlẹ̀ ṣì tutù.

Ìkejì ni ìwúwo. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bomi rin ike dáadáa, ẹ gbé e díẹ̀ kí ẹ mọ bó ṣe wúwo. Ọjọ́ kejì, ẹ tún gbé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ yín á ti mọ ike tó yó àti èyí tí ebi ń pa. Ike lítà 20 wúwo, nítorí náà ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má bá a jìjàkadì.

Ìkẹta ni àárọ̀. Ẹ wo ewé kí oòrùn tó yọ. Ata tó bá ṣì rọ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ti ní ìṣòro tòótọ́. Ìka yín á sọ èwo ni: tí ilẹ̀ bá gbẹ, omi ló ń fẹ́. Tí ilẹ̀ bá tutù rinrin, ẹ dáwọ́ omi dúró, ẹ yẹ ihò ìdí ike wò bóyá ó ti dí.

BÍ A ṢE Ń BOMI RIN ÍN

Àárọ̀ kùtù ló dára jù. Ilẹ̀ tutù, omi kò ní tètè gbẹ, ata á sì ti mu tirẹ̀ kí oòrùn tó dé. Fún àwa tí à ń jáde ní aago mẹ́fà àbọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Bí àárọ̀ bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ da omi sí ìdí rẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí ewé sùn nínú omi, nítorí àrùn ewé fẹ́ràn ewé tó tutù mọ́jú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti gbẹ dé ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ má dúró de aago kankan, ẹ bomi rin ín kíá.

Ẹ bu omi náà díẹ̀díẹ̀, yí ike ká, títí díẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìdí rẹ̀. Ìgbà náà lẹ mọ̀ pé ó ti dé ìsàlẹ̀. Omi ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ lójoojúmọ́ kò dára. Òkè nìkan ló ń rin, gbòǹgbò á sì máa wá sókè níbi tí oòrùn á ti yan án. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ jù, omi lè sáré gba ẹ̀gbẹ́ ike kọjá láìwọ àárín. Ẹ bu ìdajì, ẹ lọ múra ilé-ìwé, kí ẹ padà wá bu ìdajì tó kù.

Ẹ má gbé àwo sábẹ́ ike kí omi máa dúró síbẹ̀. Gbòǹgbò á rà, ẹ̀fọn á sì rí ibi yé ẹyin sí. A mọ ohun tí ẹ̀fọn ń ṣe fún wa.

Nípa irú omi: ẹ fi ọwọ́ kan omi tó bá ti inú páìpù tàbí táǹkì dúdú wá lọ́sàn-án kí ẹ tó lò ó, ó lè gbóná gan-an. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ dára, kò sì ná wa ní nǹkan mìíràn. Omi tí a fi fọ aṣọ tàbí tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ kò dára. Iyọ̀ máa ń mú kó nira fún gbòǹgbò láti fa omi, àní bí ilẹ̀ bá tutù.

BÍ A ṢE LÈ DÍN OMI KÙ

Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí ike, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba pẹ́ńsùlù. Ẹ gbé ike sórí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù méjì kí ó má jókòó lórí kọnkéré gbígbóná. Ẹ má lo yanrìn nìkan, omi á sá kọjá. Ẹ má lo amọ̀ nìkan, omi kò ní lọ. Ilẹ̀dú, ìgbẹ́ adìẹ tó ti pẹ́ tó sì ti jẹrà dáadáa, àti yanrìn díẹ̀, ẹ pò wọ́n pọ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó gbòǹgbò.

Ẹ bo ojú ilẹ̀ inú ike. Háhá àgbàdo, koríko gbígbẹ tàbí ewé gbígbẹ, kó nípọn tó ìka méjì, kó má kan igi ata. Háhá àgbàdo kò wọ́n ní àdúgbò wa. Àwọn tó ń se àgbàdo tà ń dà á nù.

Ẹ wé àpò ìrẹsì funfun mọ́ ara ike dúdú. Bí àyè bá wà, ẹ gbé e sí ìhà ìlà oòrùn ògiri. Á rí oòrùn àárọ̀, ògiri á sì ṣíji bò ó lọ́sàn-án.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò méjì sí ọmọrí ìgò omi, ẹ pọn omi kún un, ẹ dorí rẹ̀ kodò sínú ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò: bí omi bá tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ihò náà ti tóbi jù. Ọ̀nà tó dàgbà ju èyí lọ wà. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà ti ń ri ìkòkò amọ̀ mọ́lẹ̀ sáàárín ohun ọ̀gbìn, tí wọ́n á pọn omi kún un, láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Omi ń rọra jò gba ara amọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ bá ti gbẹ. Orù kékeré tí wọn kò fi ọ̀dà kùn lè ṣe iṣẹ́ yìí nínú ike ńlá.

BÍ ÒDÒDÓ BÁ Ń JÁ

Ata rodo fẹ́ràn ooru, nítorí agbègbè odò Amazon ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni wọ́n ti mọ baba ńlá rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jacquin, fún un ní ọdún 1776 tàn yín jẹ. Ó pè é ní Capsicum chinense, torí ó rò pé Ṣáínà ló ti wá. Ẹ ò rí i? Ọ̀jọ̀gbọ́n náà lè wo ewé kó má bi ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ooru náà ní ìwọ̀n. Bí ó bá ń kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́sàn-án, tí òru kò sì tutù, òdòdó lè máa já láìso. Ẹ má torí ìyẹn da ajílẹ̀ lé e lórí. Ẹ ṣíji bò ó lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ ṣe déédéé, kí ẹ sì ní sùúrù. Bí òru bá tutù díẹ̀, á tún yọ òdòdó.

Ní ti tàtàṣé, ìdí èso rẹ̀ lè di dúdú kó sì rọ̀. Kálísíọ̀mù tí kò dé ìdí èso ló ń fa á lọ́pọ̀ ìgbà, omi ló sì ń gbé kálísíọ̀mù náà lọ. Ẹni tó jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tó wá da kẹ́ẹ̀gì kan lé e lórí lọ́jọ́ kẹrin, òun ló ń pe àìsàn yẹn. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ní ti omi àti ní ti àìsí omi.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍGBÀ KEJÌ

Irúgbìn méje ló kù nínú ìgò oògùn mi. Mo gbin méjèèje. Márùn-ún hù, mẹ́ta dàgbà. Wọ́n wà nínú ike lítà 20 báyìí, pẹ̀lú háhá àgbàdo lórí àti àpò ìrẹsì lára. Láàárọ̀ tí ìka mi bá sọ pé ó yẹ, mo ń bu lítà kan àbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ lítà 4.5. Kẹ́ẹ̀gì tó ń tán lọ́jọ́ méjì tẹ́lẹ̀, ó ń tó ọjọ́ márùn-ún, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ torí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ilẹ̀ ń gbẹ. Tí mo bá dé ní aago mẹ́ta tí mo bá ewé tó rọ, mo ń ti ìka bọ ilẹ̀, mo ń wọlé lọ jẹun. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ewé á ti dìde.

Nígbà tí àkọ́kọ́ so, mo pe ìyá àgbà mi fúnra mi, mi ò dúró de ọjọ́ Àìkú. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: bí mẹ́rin ṣe kú, bí mo ṣe ń sọ pé ó ń ṣe dáadáa nígbà tí ike ti ṣófo. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Èmi náà pa tèmi kí n tó mọ̀ ọ́n tọ́." Wọ́n wá ní, "Èyí tó bá kọ́kọ́ pọ́n, má jẹ ẹ́ o. Yọ irúgbìn rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo gbé fún ọ lọ́jọ́ yẹn."

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Irúgbìn méje inú ìgò oògùn yẹn nìkan ló kù nínú ata ìyá wọn.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

1. Ata kan rọ ní aago méjì ọ̀sán, ó sì dìde ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kí ni kí olówó rẹ̀ ṣe?
2. Ata mìíràn rọ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù rinrin. Kí ló ṣeé ṣe kó ti ṣẹlẹ̀ sí gbòǹgbò rẹ̀?
3. Ẹ da omi kan náà sínú ike dúdú kan àti ike funfun kan tí wọ́n tóbi bákan náà, ẹ gbé wọn sínú oòrùn láti aago méjìlá sí aago méjì. Ẹ fi tẹmómítà láàbù wọ̀n wọ́n, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí.

Mo ti fi irúgbìn ránṣẹ́ sí ìyá àgbà mi. Ogún irúgbìn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá mú ike lítà 20 tó ti lu ihò sí nídìí wá sí ẹ̀yìn láàbù Ágíríìkì lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn ilé-ìwé, màá fún un ní méjì. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ wo ihò náà o.

Ọmọ kíláàsì SS2, Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn.